Ìbéèrè Yín lórí Iṣẹ́ Ọnà: Ẹsẹ̀ P.O.P., Ìkòkò Suleja àti Fèrèsé Abuja

Lára àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, mẹ́rin ló dá lórí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni láti ya nǹkan gẹ́gẹ́ bí ojú ṣe rí i gan-an, ìyẹn iṣẹ́ àwòrán bí-ó-ti-rí. Abuja àti Zaria ni wọ́n ti wá, ọ̀rọ̀ wọn sì wọnú ara wọn, nítorí náà ni mo ṣe fún wọn ní gbogbo ojú-ìwé tòní.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ọmọbìnrin mi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán kan ní ìlú Florence lórílẹ̀-èdè Ítálì, irú èyí tí wọ́n ti ń kọ́ni bí àwọn ayàwòrán àtijọ́ ṣe kọ́ṣẹ́. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi P.O.P. rọ, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ omi tó fi ń le, ló ń yà láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wá. Bí kò bá sí nídìí ẹsẹ̀ náà, yóò ní àwọn wà ní musíọ́mù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ń wo ère. Ó tún sọ fún mi pé ènìyàn tó wà níhòòhò ni wọ́n máa ń yà lọ́sàn-án. Ṣé ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ nìyí? — Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Kubwa.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, mà, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ rán ọmọ yín lọ kọ́ gan-an ló ń kọ́ yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀ ti pẹ́. Ní ìlú Paris, láàárín 1866 sí 1871, àwọn ayàwòrán ọmọ Faransé méjì, Charles Bargue àti Jean-Léon Gérôme, tẹ àwòrán àwòkọ́ 197 jáde fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́, ẹsẹ̀, orí àti odindi ara ère àtijọ́ pọ̀ nínú wọn, kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè fi wọ́n tọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó dojú kọ ère fúnra rẹ̀, kí ó sì mọ ère yà kí ó tó dojú kọ ènìyàn alààyè. Vincent van Gogh, ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, pàápàá jókòó dà wọ́n kọ nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọ̀rúndún 20, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kó ère wọn kúrò nílẹ̀, ìlànà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, títí àwọn bíi Daniel Graves, ọmọ Amẹ́ríkà tó dá Florence Academy of Art sílẹ̀ ní 1991, fi gbé e dìde padà.

P.O.P. funfun ni wọ́n ń lò nítorí pé kò ní àwọ̀ tó lè tan ojú jẹ, kì í mira, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sí i lára kì í sì í wá láti ju ojú kan ṣoṣo lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé pátákó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ère náà, yóò fa ilà sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ yóò máa wà, yóò sì padà sẹ́yìn síbẹ̀ kí ó lè máa wo ère àti àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn méjèèjì yóò tóbi bákan náà lójú rẹ̀. Ó ní okùn tí wọ́n so nǹkan wúwo mọ́ nísàlẹ̀, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ògiri bóyá ó dúró ṣánṣán, èyí tí yóò máa nà sókè láti fi wo ibi tí kókósẹ̀ bọ́ sí ní ìfiwéra pẹ̀lú ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Bí ó bá ti rí ohun tó yẹ kí ó ṣe, yóò rìn lọ sídìí pátákó, yóò fi èédú fa ilà kan péré láti inú ohun tó rántí, yóò sì padà sẹ́yìn láti wò ó. Bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nìyẹn láti àárọ̀. Ìlà ìta ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá ibi tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á tó wádìí bí òjìji náà ṣe dúdú tó. Ẹsẹ̀ kan lè gba oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, olùkọ́ sì lè dé lọ́jọ́ kan kí ó ní kí wọ́n sún gbogbo àtàǹpàkò wọlé díẹ̀. Ó ń dun akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ojú tó ti kọ́ láti rí àṣìṣe tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lára ẹsẹ̀ P.O.P. ni yóò lè ya ojú ènìyàn kan tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò fi dá a mọ̀.

Ní ti ènìyàn tó wà níhòòhò, mo mọ̀ pé ó ṣòro fún òbí láti gbọ́, pàápàá ní ilẹ̀ wa níbí, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó wọṣọ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò. Iṣẹ́ ni àwọn tó ń dúró bẹ́ẹ̀ fi ṣe, wọ́n ń gba owó rẹ̀, wọ́n sì ní òfin tó dáàbò bò wọ́n: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya wọ́n ní fọ́tò, a sì máa fún wọn láyè láti sinmi lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìdúró kan náà ni ẹni náà máa ń padà sí lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé ìwúwo rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìbàdí ọ̀tún yóò gòkè, èjìká ọ̀tún yóò sì rẹlẹ̀. Aṣọ máa ń bo èyí mọ́lẹ̀, ẹni tí kò bá sì rí i rí kò lè mọ ìdí tí ìdúró àwòrán rẹ̀ fi rí bí igi.

Àwọn ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ tí ẹ gbọ́ náà kì í ṣe fàájì. Ère Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́ láàárín 1501 sí 1504 wà ní ìlú tí ọmọ yín wà, ó ga tó mítà 5.17, orí àti ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi ju bó ṣe yẹ sí ara rẹ̀ lọ, ohun tí fọ́tò kì í sábà jẹ́ kí ènìyàn fura sí. Ibẹ̀ náà ni musíọ́mù tí wọ́n ń pè ní La Specola wà, tí wọ́n ṣí ní 1775, tí wọ́n ti fi ìda ṣe iṣan, egungun àti ìfun ènìyàn lọ́nà tó jẹ́ pé dókítà àti ayàwòrán jọ ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi oṣù kan ya ẹsẹ̀ P.O.P., tó wá dé iwájú ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ìda ṣe tí wọ́n bó awọ kúrò lára rẹ̀, ni yóò mọ ohun tó ń wọ́ ilà òun sókè ní ẹ̀yìn gìgísẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún pè é, mà, ẹ má bi í bóyá ó ti parí. Ẹ ní kí ó fi fọ́tò àwòrán náà ránṣẹ́ bó ṣe rí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ àti bó ṣe rí báyìí, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó tún ṣe. Bí ó bá lè ṣàlàyé rẹ̀ kí ó yé yín, owó yín ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Zaria, iṣẹ́ àwòrán bí-ó-ti-rí ló sì wù mí. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ máa ṣètò ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ tiwa, nítorí èyí tí a ti lọ rí, fọ́tò la kàn yà níbẹ̀, a jẹun, a padà wálé. Níbo ló yẹ kí a lọ ní apá Àríwá yìí? Ṣé kí a kúkú máa fi fóònù ya ohun tí a bá rí, kí a wá ya àwòrán rẹ̀ nílé? — Akẹ́kọ̀ọ́, Samaru, Zaria.

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ gidigidi, àbúrò mi. Ẹ mú nǹkan kan péré tí ẹ fẹ́ lọ kọ́, kí ẹ tó mú ibi tí ẹ ó lọ. Bọ́ọ̀sì tó fẹ́ dé ibi márùn-ún lọ́jọ́ kan kò dé ibì kankan.

Bí ó bá jẹ́ èmi, Suleja ni n ó kọ́kọ́ kó yín lọ. Suleja yìí ló ń jẹ́ Abuja tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó mú orúkọ náà fún olú-ìlú tuntun. Níbẹ̀ ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ sì ni Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi láti ìlú Kwali, ti di ẹni tí ayé mọ̀. Òun ni àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 20 náírà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Zaria yín níbẹ̀, Ahmadu Bello University, fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Ìdí tí mo fi ń rán ẹni tó ń kọ́ àwòrán bí-ó-ti-rí lọ sídìí ìkòkò ni pé ẹnu ìkòkò jẹ́ òbìrí, ṣùgbọ́n tí o bá dúró níwájú rẹ̀, ojú rẹ kò ní rí òbìrí. Yóò rí i bí ẹyin tó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí o bá sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ sí i ni yóò máa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, títí yóò fi di ilà gbọọrọ nígbà tí ó bá dọ́gba pẹ̀lú ojú rẹ. Ìdí ìkòkò tó jókòó sílẹ̀ máa ń ṣí sí ojú rẹ ju ẹnu rẹ̀ lọ, nítorí ó jìnnà sí ìsàlẹ̀ ojú rẹ jù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ èyí ní kíláàsì, síbẹ̀ wọ́n á fi ilà tó tẹ́ bí tábìlì parí ìdí ìkòkò wọn. Àwọn obìnrin Gbagyi tó ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò kì í yí ìkòkò; àwọn ni wọ́n ń rìn yí i ká. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ ya ìkòkò kan láti orí ìdúró, láti orí ìjókòó, àti láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wo òmíràn. Alángbá, ẹja àti àkekèé tí Ladi Kwali fi ọnà rẹ̀ yà sára ìkòkò ń tẹ̀ lé yíyípo ara ìkòkò náà. Ẹ wò bí ara wọn ṣe ń kúrú bí wọ́n ṣe ń lọ sí etí.

Ní ojú ọ̀nà àwọn abúlé tó yí Abuja ká, ẹ ó tún rí ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò sí nínú sítúdíò kankan. Obìnrin Gbagyi kì í ru ẹrù sórí. Èjìká ló ń gbé e lé. Bí igi ìdáná bá wà ní èjìká òsì, ọrùn yóò yẹ̀ sí ọ̀tún, ìbàdí yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti gba ìwúwo náà, apá yóò sì gùn sókè láti dì í mú. Ohun tí mo kọ sí ìyá wa ní Kubwa lókè nípa ìbàdí àti èjìká ni èyí, ó kàn ń rìn níwájú yín ni. Ẹ má kàn dúró máa ya ẹnikẹ́ni, ẹ kí wọn, ẹ tọrọ àyè. Ẹlòmíràn kò fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán òun nítorí ẹ̀sìn, ó sì yẹ kí ẹ bọ̀wọ̀ fún ìyẹn láìjiyàn.

Àpáta Zuma wà nítòsí ibẹ̀, létí títì Abuja sí Kaduna, òun ló wà lẹ́yìn owó 100 náírà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1999. Ó ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ tó nǹkan bí 300 mítà. Ẹ má dúró sétí títì ńlá; ẹ wá ibi tí ènìyàn wà tí ọkàn yín balẹ̀ sí, kí ẹ sì lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti ń wálẹ̀. Ẹ gé kánfáàsì kékeré, kí ẹ má sì lo ju bí ogójì ìṣẹ́jú lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí òjìji yóò ti sún lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ pọ̀ sínú àwòrán kan.

Bí ẹ bá lè dé Jos, musíọ́mù ibẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1952 ní àwọn ère amọ̀ Nok, tó ti ju 2,000 ọdún lọ. Kò sí èyí tó dára tó o láti kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ ojú tí wọ́n lu ihò sí àti irun tí wọ́n dì. Nínú ọgbà kan náà, àwòkọ mọ́ṣáláṣí Zaria àti ògiri Kánò wà níbẹ̀. Kánò ní ihò aró Kofar Mata, láti 1498, fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá ọkọ̀ Kánò, ẹ ti wo inú mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ Zaria tí Babban Gwani, ọ̀gá mọlémọlé, kọ́ ní ọ̀rúndún 19, bí àwọn alábòójútó rẹ̀ bá gbà yín láyè? Kò jìnnà sí yín.

Ní ti fóònù: lọ́pọ̀ ìgbà, ìmọ́lẹ̀ kan ni kámẹ́rà fóònù máa ń yàn fún gbogbo àwòrán. Bí ó bá yan ti ojú ọ̀run, òjìji abẹ́ ilé yóò di dúdú kirikiri. Bí ó bá yan ti òjìji, ojú ọ̀run yóò funfun gbáú. Ojú ènìyàn ń rí méjèèjì. Lẹ́ǹsì fóònù tún máa ń mú ohun tó wà nítòsí tóbi jù, ìdí nìyẹn tí imú fi máa ń gbilẹ̀ nínú fọ́tò tí ènìyàn ya ara rẹ̀. Ẹ lè fi fóònù rántí aṣọ tàbí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n òjìji inú fọ́tò kì í ṣe èyí tí ojú yín rí. Ohun tó sàn ju fọ́tò lọ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan náà dáadáa láìyà á, kí ẹ wá yà á níbẹ̀, kí ẹ sì tún un yà láti inú ìrántí lálẹ́ ọjọ́ náà. Horace Lecoq de Boisbaudran, tó kọ́ Auguste Rodin, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ère ọmọ Faransé, fi ìrántí yíyà bẹ́ẹ̀ ṣe odindi ẹ̀kọ́ ní Paris.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fojú fò. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín sí musíọ́mù tàbí baálẹ̀ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ wádìí bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kí ẹ má sì rìn lálẹ́. Ní Abuja pàápàá, ẹ má gbé pátákó àwòrán dúró níwájú bárékè, pápákọ̀ òfurufú tàbí ibi tí àwọn agbófinró ń ṣọ́. Ẹ mú pẹ́ńsù dání, nítorí ọ̀pọ̀ musíọ́mù kò gba èédú tàbí ọ̀dà láàyè nínú yàrá wọn. Bí ẹ bá sì dé Zaria padà, ẹ tẹ́ gbogbo àwòrán náà sílẹ̀, títí kan èyí tó burú, kí ẹ jọ wò wọ́n kí bọ́ọ̀sì tó tún gbéra.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi kan ní àwòrán bí-ó-ti-rí jẹ́ nǹkan òyìnbó, pé ti àwa Yorùbá ni ère tí orí rẹ̀ tóbi, kò yẹ kí ọmọ wa máa lo ọdún mẹ́ta láti kọ́ tiwọn. Kí lèrò yín? — Olùkà, Nyanya.

Ìdáhùn: Orí tí wọ́n fi idẹ àti amọ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 12 sí 15 ni kí ọ̀rẹ́ yín lọ wò. Ètè, ìpéǹpéjú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn jọ ti ènìyàn alààyè débi pé Leo Frobenius, ọmọ Jámánì tó dé Ifẹ̀ ní 1910, kò gbà pé àwọn baba wa ló ṣe é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún hú ọ̀pọ̀ jáde ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Orí tó tóbi náà jẹ́ tiwa, nítorí orí ni a ka sí ibùjókòó ìwà àti ìpín. Orí tó jọ ènìyàn gan-an náà jẹ́ tiwa. Ìlú kan náà ló ṣe méjèèjì.

Àìná Ọnàbólú, ayàwòrán ti Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1882, ti jà fún èyí kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ìgbà tí àwọn òyìnbó kan rò pé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kò lè ya ènìyàn kó jọ ọ́, ó fúnra rẹ̀ kọ́ ọ, ó ya àwòrán ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, ó sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní London láti 1920 sí 1922. Nígbà tó dé, ó ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ.

Òótọ́ ni pé ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria bíi Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n kọ̀ láti kàn máa ṣe bí àwọn olùkọ́ òyìnbó ti ṣe. Ẹ wo àwọn obìnrin Grillo, tí ó fi àwọ̀ aró yà, tí ọrùn àti ara wọn gùn: ìdúró wọn tọ̀nà, gèlè wọn sì jókòó sórí dáadáa, nítorí ẹni tó yà wọ́n mọ egungun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọ kọ́ ọ tán, kí ó wá yàn fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ya yàrá kan nínú ilé mi sọ́tọ̀ fún ọmọ mi tó ń kọ́ fífi ọ̀dà elépo kun àwòrán. Ó ní fèrèsé tó kọjú sí àríwá nìkan ló dára, ṣé òótọ́ ni? Kí sì ni kí n ṣọ́ra fún? — Bàbá ayàwòrán, Lugbe.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí oòrùn ọ̀sán kì í ti kúrò ní apá gúúsù, tí ìmọ́lẹ̀ àríwá fi dúró sójú kan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Abuja yàtọ̀, sà. Láti àárín oṣù Kẹrin títí dé ìparí oṣù Kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lórí wa, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ sì lè wọlé gba fèrèsé náà. Ẹ lo fèrèsé àríwá, nítorí òun ló ṣì dára jù láti oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sí i láwọn oṣù tó kù, kí ẹ sì dí àwọn fèrèsé yòókù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ má jẹ́ kí ó máa lo ìmọ́lẹ̀ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè láti kun ojú ènìyàn. Yóò rí i láàárọ̀ pé gbogbo ara tó kùn ti di búlúù.

Nígbà ọyẹ́, eruku yóò lẹ̀ mọ́ àwòrán tí kò tíì gbẹ. Òróró inú ọ̀dà kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ, atẹ́gùn ló ń gbà sára tó fi ń le, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, nítorí náà kí ó dojú àwòrán kọ ògiri tàbí kí ó fi páálí bò ó láìkàn án. Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ mú ní pàtàkì jù ni àkísà tí ó fi ń nu òróró náà. Bí ó bá ká wọn jọ sí igun kan, wọ́n lè gbóná fúnra wọn títí wọn yóò fi gbiná, láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Kí ó tẹ́ wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi gbẹ tí wọn yóò sì le, tàbí kí ó rì wọ́n sínú omi nínú agolo tó ní ìdérí, kí ó sì kó wọn jáde nínú ilé kí ó tó lọ sùn.